Ta Ló Ni Àbọ̀ Yìí?

Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó wà ní ọdún ìkẹyìn ní yunifásítì ló kọ̀wé sí mi láti Ìbàdàn. Mo gé lẹ́tà rẹ̀ kúrú díẹ̀:

“Ẹ kú iṣẹ́, sà. Mo gbé kámẹ́rà sórí ilé alájà kan nítòsí oríta, mo fi ń ka ọkọ̀ fún iṣẹ́ àṣekágbá mi. Fọ́tò márùn-ún ni kọ̀ǹpútà alágbèéká mi ń yẹ̀ wò ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì ń rí ọkọ̀ dáadáa nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wàhálà ibẹ̀ ni pé bí Micra méjì bá kọjá lára ara wọn, nọ́ńbà tí mo fún wọn máa ń pààrọ̀. Bí ọ̀kan bá gba ẹ̀yìn tírélà kọjá, kọ̀ǹpútà á ní ọkọ̀ tuntun ló jáde, á sì kà á lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà mìíràn ó máa ń rí ọkọ̀ níbi tí kò sí nǹkan kan. Mo fẹ́ mọ iye ọkọ̀ tó ń gba apá kọ̀ọ̀kan wọlé àti apá ibi tí wọ́n ń gbà jáde. Báwo ni mo ṣe lè tọpasẹ̀ wọn láì ṣi ọ̀kan mú fún èkejì?”

Àbúrò mi, o kú iṣẹ́. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo, eku ogún ni ìwọ sì ń lé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ṣeé ṣe. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún tí àwọn onírédà, ìyẹn àwọn tó ń fi ìgbì rédíò wá ohun tó jìnnà, ti ń bá irú ìṣòro yìí fà á, ọgbọ́n tí wọ́n rí níbẹ̀ sì wúlò fún Micra bó ṣe wúlò fún ọkọ̀ òfurufú.

Ìbéèrè tó ń bani jà nínú iṣẹ́ yìí ni “Ta ló ni àbọ̀ yìí?” “Níbo ni ọkọ̀ wà?” rọrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àbọ̀ ni mo ń pe ohun yòówù tí kámẹ́rà bá sọ fún ọ, torí ó dà bí ọmọ tí a rán lọ wo nǹkan wá. Ọmọ náà lè ṣi iṣẹ́ jẹ́: ó ní ọkọ̀ wà ní mítà 40, mítà 42 ló sì wà. Ó lè gbàgbé, kó má sọ nǹkan kan. Ó lè rí òjìji igi tàbí omi tó ń dán lójú títì, kó ní ọkọ̀ ni. Èyí tó burú jù ni pé kì í dárúkọ. Á ní “Mo rí Micra kan lọ́hùn-ún.” Micra wo? Kò mọ̀. Ìwọ lo máa sọ ẹni tó ni ín. Bí o bá ti gbé àbọ̀ Kẹ́hìndé fún Táyé, gbogbo ohun tí o bá ṣírò lẹ́yìn ìyẹn ti wọ́, bó ti wù kí ìṣirò náà péye tó.

Ẹni tó bá ti bá ìbejì gbé, tí ìyá wọn ń wọ aṣọ kan náà fún wọn, á mọ ohun tí mò ń sọ. Àwọn méjèèjì sáré gba ẹ̀yìn ilé, ọ̀kan gba ọ̀tún jáde, èkejì gba òsì. Ta ni Táyé níbẹ̀? Bó bá jẹ́ pé Táyé lo rí tó ń sáré lọ sápá òsì kí wọ́n tó wọ ẹ̀yìn ilé, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun ló gba òsì jáde. Ṣùgbọ́n wọ́n lè ti pàdé lẹ́yìn ilé níbẹ̀ kí wọ́n sì ṣẹ́rí padà. Ìyá wọn kì í kánjú pe orúkọ. Á dúró díẹ̀, á wo ìrìn wọn, á gbọ́ ohùn wọn, kó tó wá ní “Kẹ́hìndé, wá jẹun.” Ìdúró díẹ̀ yẹn ni ọkàn iṣẹ́ wa, mo sì máa padà sórí rẹ̀.

Kọ́kọ́ bi ara rẹ bóyá orúkọ ni o nílò tàbí iye. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń fi oṣù mẹ́ta wá orúkọ nígbà tó jẹ́ iye ni ọ̀gá wọn bèèrè. Bó bá jẹ́ iye ọkọ̀ tó kọjá lójú ọ̀nà kan ṣoṣo lo fẹ́, fa ìlà kan sójú fọ́tò, kí o máa ka ohun tó bá kọjá ìlà náà. Bí Micra méjì tó jọ ń lọ síbì kan náà bá pààrọ̀ nọ́ńbà, iye kò yí padà: méjì náà ló kọjá. Ronald Mahler tiẹ̀ gbé ìlànà ìṣirò kan jáde ní 2003 tí kì í dárúkọ ẹnikẹ́ni rárá. Bí nǹkan ṣe pọ̀ tó ní apá kọ̀ọ̀kan ló ń sọ, kò sì bèèrè ẹni tó ni àbọ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ fẹ́ mọ ibi tí ọkọ̀ gbà wọlé àti ibi tó gbà jáde, ìyẹn ni pé o nílò orúkọ láti ẹnu ìwọlé dé ẹnu ìjáde. Nítorí náà, pípààrọ̀ tó yẹ kó dùn ọ́ ni èyí tó bá ṣẹlẹ̀ láàárín ọkọ̀ tó ń yà àti ọkọ̀ tó ń lọ tààrà. Bó bá ṣẹlẹ̀ láàárín méjì tó jọ wọlé, tí wọ́n sì jọ jáde, má fi orun rẹ ṣòfò lé e lórí.

Ó yá, ká bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọkọ̀ kan ṣoṣo. Rudolf Kalman, ọmọ bíbí Budapest tó ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ló kọ ìlànà tí a ń lò jù sílẹ̀ ní 1960, àwọn tó ń ṣètò ìrìn Apollo lọ sí òṣùpá sì tètè gbà á mú lò. Asẹ́ Kalman ni mo ń pè é, torí iṣẹ́ asẹ́ ló ń ṣe: ó ń jẹ́ kí ohun tó dára kọjá, ó ń dá pàǹtí dúró. Kí àbọ̀ tó dé, wàá ti kọ́kọ́ sọ ibi tí o retí pé ọkọ̀ máa wà, wàá sì sọ bí ó ṣe dá ọ lójú tó. Ká ní o retí Micra kan ní mítà 40 sí ẹsẹ̀ kámẹ́rà, o sì gbà pé o lè fi nǹkan bíi mítà 2 ṣì í. Àbọ̀ dé, ó ní mítà 43, òun náà lè fi mítà 1 ṣì í. Ta lo máa gbà gbọ́? Sọ iyèméjì kọ̀ọ̀kan di ìlọ́po ara rẹ̀: tìrẹ di 4, ti àbọ̀ di 1. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 5. Tìrẹ kó ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún iyèméjì náà, nítorí náà ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ọ̀nà ni wàá sún lọ bá àbọ̀. Mítà 3 ló wà láàárín yín, sún 2.4, o dé mítà 42.4. Iyèméjì rẹ tuntun ti wálẹ̀ dé nǹkan bíi mítà 0.9, ó kéré sí tìrẹ, ó tún kéré sí ti àbọ̀. Bí àbọ̀ ò bá wá ńkọ́? Wàá máa bá ìrètí rẹ lọ, ṣùgbọ́n iyèméjì náà á máa wú bí ẹ̀wà tí a rẹ sómi. O gbọ́dọ̀ jẹ́ kó wú. Ẹni tí kò tíì gbọ́ nǹkan kan fún ìṣẹ́jú àáyá méjì, tó ṣì ní ó dá òun lójú bíi tàná, irọ́ ló ń pa fún ara rẹ̀.

Ibi tí mo ti rí ọ̀pọ̀ èèyàn tó ṣìṣe nìyí: òǹkà kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń sọ iyèméjì, bí ẹni pé ó rí róbótó bí ọsàn yí ọkọ̀ ká. Iyèméjì ní ìrísí. Kámẹ́rà rẹ mọ ọ̀tún mọ òsì dáadáa, ṣùgbọ́n kò mọ iwájú mọ ẹ̀yìn tó bẹ́ẹ̀. Ní ìkángun títì tó jìnnà sí ọ, píksẹ́lì kan péré lójú fọ́tò lè gba odindi mítà kan lórí ilẹ̀. Nítorí náà iṣu ni iyèméjì rẹ, ó gùn láti ọ̀dọ̀ kámẹ́rà lọ sọ́nà jíjìn, ó sì tín-ín-rín lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí o bá fi ọsàn rọ́pò iṣu yìí, wàá kọ àbọ̀ tí ó jẹ́ ti ọkọ̀ náà ní tòótọ́ torí pé ó sún síwájú díẹ̀, wàá sì gba ti ọkọ̀ tó wà ní ọ̀nà kejì torí pé ó “sún mọ́ ọn.” Mo lè fẹ́rẹ̀ẹ́ búra pé ibẹ̀ ni ìdajì pípààrọ̀ tí o ń rí ti ń wá.

Rédà ayé ogun kọ́ wa ní èyí ní òdì kejì. Kí ogun àgbáyé kejì tó bẹ̀rẹ̀, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ri òpó rédà sí etíkun wọn, àwọn kan nínú wọn ga ní ẹsẹ̀ bàtà 360. Chain Home ni wọ́n ń pe ètò náà. Ó mọ bí ọkọ̀ òfurufú ṣe jìnnà tó dáadáa, ṣùgbọ́n tó bá di apá ibi tí ọkọ̀ náà wà gan-an, àṣìṣe pọ̀ níbẹ̀. Iṣu tiwọn dùbúlẹ̀ ní ìbú. Yàrá kan wà ní Bentley Priory, létí London, tí wọ́n ń pè ní Filter Room. Àwọn òṣìṣẹ́ á dúró yí máàpù ńlá kan ká, ọ̀pọ̀ nínú wọn di ọ̀dọ́bìnrin bí ogun ṣe ń lọ, àwọn ibùdó rédà á sì máa jábọ̀ fún wọn lórí tẹlifóònù. Ibùdó kan á ní ọkọ̀ kan wà ní máìlì 60 sí òun. Wọ́n á fi ibùdó náà ṣe àárín, wọ́n á fa ìlà yíká ní máìlì 60. Ibùdó kejì á ní máìlì 50 sí òun. Wọ́n á fa ìlà tiẹ̀ náà. Ibi tí ìlà méjèèjì ti gé ara wọn lójú òkun ni wọ́n á gbé ọkọ̀ sí. Wo bí ọgbọ́n náà ṣe rí: iṣu méjì tí a gbé dábùú ara wọn, ibi tí wọ́n ti pàdé kéré gan-an. Bí o bá rí ọ̀rẹ́ kan tó lè yá ọ ní fóònù láti gbé sí ìgun oríta kejì, irú ìdábùú bẹ́ẹ̀ ló máa fún ọ, kámẹ́rà olówó pọ́ọ́kú méjì á sì ṣe ohun tí kámẹ́rà olówó ńlá kan kò lè ṣe.

Ṣùgbọ́n kíyè sí i: bí ọkọ̀ bá di méjì, ibùdó kọ̀ọ̀kan á fa ìlà méjì, ibi tí wọ́n ti gé ara wọn á di mẹ́rin, méjì nínú mẹ́rin náà á sì jẹ́ iwin, ibi tí kò sí ọkọ̀ kankan. “Ta ló ni àbọ̀ yìí?” ti padà dé.

Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹsàn-án 1939, ọjọ́ mẹ́ta péré lẹ́yìn tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéde ogun, àbọ̀ dé pé ọ̀tá ń bọ̀. Kò sí ọ̀tá kankan lójú ọ̀run. Wọ́n rán àwọn ọkọ̀ òfurufú Hurricane lọ pàdé ọ̀tá náà. Bí àwọn Hurricane ṣe gbéra, àwọn náà tún wọnú àbọ̀, wọ́n kà wọ́n mọ́ ọ̀tá. Iye ọ̀tá pọ̀ sí i, wọ́n rán ọkọ̀ sí i, iye tún pọ̀ sí i. Níkẹyìn, àwọn Spitfire ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì já Hurricane méjì ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lulẹ̀, awakọ̀ kan sì kú, Montague Hulton-Harrop lorúkọ rẹ̀. Battle of Barking Creek ni wọ́n ń pe ìṣẹ̀lẹ̀ náà. Mo máa ń sọ ìtàn yìí fún gbogbo ẹni tó bá ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, torí ìdí rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti Micra rẹ tí tírélà bò: a ti mọ nǹkan kan tẹ́lẹ̀, àbọ̀ míì dé nípa ohun kan náà, kò dárúkọ, a sì fi kún iye. Lẹ́yìn ọ̀ràn yìí ni ẹ̀rọ tó ń jẹ́ kí ọkọ̀ ẹni dá rédà lóhùn pé “èmi rèé” wá di ohun tí wọ́n ń lé lójú méjèèjì.

Micra tìrẹ kò ní dá ọ lóhùn. Ohun tó kù fún ọ ni pé kí o pín àbọ̀ dáadáa.

Kọ́kọ́ fi agbo yí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ká, agbo tó ní ìrísí iṣu tí mo sọ yẹn. Àbọ̀ tó bá bọ́ sóde agbo, kò jẹ́ ti ọkọ̀ náà. Bí o ṣe máa wọn ìjìnnà nínú agbo ni pé kí o fi iyèméjì pín in: mítà 3 ní apá tí iyèméjì ti pọ̀ kò tó nǹkan, mítà 3 ní apá tó ti kéré jìnnà gan-an. Mahalanobis, onímọ̀ ìṣirò ará Íńdíà, ló fi ìwọ̀n yìí lélẹ̀ ní 1936. Bí o bá ń ṣírò ọ̀nà méjì, iwájú-ẹ̀yìn àti ọ̀tún-òsì, tí o sì ní kí ìlọ́po ara ìwọ̀n náà má ju 9.21 lọ, agbo rẹ á gba mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún àbọ̀ tó jẹ́ ti ọkọ̀ náà ní tòótọ́, bí iyèméjì tí o sọ bá jẹ́ òótọ́.

Nínú agbo, má ṣe fún ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní àbọ̀ tó sún mọ́ ọn jù. Mo mọ̀ pé ohun tí kóòdù rẹ ń ṣe nìyẹn, ohun tí gbogbo ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ ń ṣe ni. Ká ní o retí Micra A ní mítà 20, o retí Micra B ní mítà 24. Àwọn méjèèjì tẹ iná mọ́ ọn díẹ̀, àbọ̀ méjì dé: ọ̀kan ní mítà 23, èkejì ní mítà 27. Èyí tó sún mọ́ra jù nínú gbogbo wọn ni B àti 23, mítà kan péré. Kóòdù rẹ á so wọ́n pọ̀, á wá kù A sí 27, mítà 7 gbáko. A ti fo B lórí lójijì! Bí o bá so A mọ́ 23, tí o so B mọ́ 27, mítà mẹ́ta-mẹ́ta ni ọ̀kọ̀ọ̀kan sún, àpapọ̀ 6 dípò 8. Bí o bá sì sọ wọ́n di ìlọ́po ara wọn bó ṣe yẹ, 18 dípò 50. Gbogbo ọkọ̀ àti gbogbo àbọ̀ ni kí o kó jọ kí o tó pín, kí àpapọ̀ ìnáwó, ìyẹn ìjìnnà tí a sọ di ìlọ́po ara rẹ̀, lè kéré jù. Ọkọ̀ 10 àti àbọ̀ 10 lè so pọ̀ ní ọ̀nà 3,628,800, o ò lè yẹ gbogbo rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n Harold Kuhn ti rí ọ̀nà àbùjá sí i láti 1955, ó fi orúkọ ilẹ̀ Hungary pè é nítorí Kőnig àti Egerváry, àwọn ọmọ ilẹ̀ náà tó fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀. Irinṣẹ́ tó ń ṣe irú pípín yìí wà nínú scipy, àkójọ irinṣẹ́ ìṣirò fún èdè kọ̀ǹpútà Python. Ìlà kóòdù kan ni.

Ìdúró ìyá ìbejì wá kàn wàyí. Pípín tó dára jù nínú fọ́tò kan ṣì lè jẹ́ àṣìṣe, fọ́tò mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn ló sì máa tú u fó. Ní 1979, Donald Reid sọ pé kí a má kánjú yàn: bí ìtàn méjì bá ṣeé ṣe, gbé méjèèjì dání. Nínú ìtàn kìíní, Micra A ló yà sí òsì, B ń lọ tààrà. Nínú ìtàn kejì, A ló ń lọ tààrà, B ló yà. Fún ìtàn kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n bó ṣe lè jẹ́ òótọ́ tó, jẹ́ kí àbọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn máa fi kún un tàbí yọ níbẹ̀. Bí ìtàn kan bá fipá mú A láti yà bìrì ní ibi tí ọkọ̀ kò lè yà sí, ìwọ̀n rẹ̀ á já wálẹ̀ fúnra rẹ̀, wàá sì gé e dànù. Gígé yẹn ṣe pàtàkì, torí ìtàn máa ń bí ìtàn: mú èyí tó dára jù bí ọgbọ̀n sílẹ̀, jù tó kù nù, kí o sì fìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀ lórí fọ́tò tó ti kọjá bíi mẹ́wàá sẹ́yìn.

Ọ̀nà kan tún wà tí Yaakov Bar-Shalom àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 1983, níbi tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ti ń gba díẹ̀díẹ̀ lára gbogbo àbọ̀ tó wà nínú agbo rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe lè jẹ́ tirẹ̀ tó. Ó dára níbi tí àbọ̀ èké bá pọ̀, ṣùgbọ́n èmi kò ní kí o lò ó. Bí ọkọ̀ méjì bá ń lọ ní ẹ̀gbẹ́ra fún ìgbà pípẹ́, àbọ̀ tí wọ́n jọ ń pín máa ń fa ipasẹ̀ méjèèjì wọnú ara wọn, wọ́n á di ọ̀kan sí àárín. Ìgbésí ayé Micra ní oríta, ẹ̀gbẹ́ra ni.

Mo tún rí ohun kan nínú lẹ́tà rẹ tí ìwọ fúnra rẹ kò kà sí: fídíò rẹ wà nílẹ̀. O ò sí nínú ogun, ẹnikẹ́ni kò dúró dè ọ́ láti já ọkọ̀ lulẹ̀. Àwọn tó wà ní Filter Room ní láti sọ̀rọ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ìwọ lè wo fídíò náà tán kí o tó dárúkọ ẹnikẹ́ni. Kọ́kọ́ ṣe ipasẹ̀ kéékèèké tó dá ọ lójú, láti ìgbà tí ọkọ̀ bá hàn gbangba títí tó fi sápamọ́, kí o má sì fipá so wọ́n. Lẹ́yìn náà, kó gbogbo ègé yẹn jọ, kí o wá béèrè èyí tó lè jẹ́ ìtẹ̀síwájú èyí. Ègé tó kú lẹ́yìn tírélà àti ègé tó bí lódì kejì tírélà: ṣé àkókò bára mu? Ṣé ìyára bára mu? Tún tọpasẹ̀ ọkọ̀ láti ẹ̀yìn wá: bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ọkọ̀ ti jáde, kí o máa bọ̀ sẹ́yìn, wò ó bóyá wọ́n pàdé. Ìlànà Kuhn kan náà ló máa so àwọn ègé náà pọ̀.

Ní ti tírélà yẹn fúnra rẹ̀, àìrí kì í ṣe àìsí. Kọ̀ǹpútà rẹ rí tírélà náà. Ó mọ ibi tó bò. Sọ fún ìṣirò rẹ pé ní ẹ̀yìn ibẹ̀, kò yẹ kí àbọ̀ wá, kó má sì pa ọkọ̀ tí kò gbúròó rẹ̀ níbẹ̀. Ní gbangba, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Bí kámẹ́rà rẹ bá ń rí ọkọ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án nínú mẹ́wàá, tí àìrí kan kò sì fa òmíràn, kí ọkọ̀ tó wà níbẹ̀ pàdánù lẹ́ẹ̀mẹta léraléra jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan nínú ẹgbẹ̀rún. Nítorí náà, ní gbangba, ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin tó láti ní ọkọ̀ ti lọ. Lẹ́yìn tírélà, ní sùúrù títí tírélà á fi kúrò. Fún ọkọ̀ tuntun, má ṣe fún un ní nọ́ńbà títí yóò fi hàn lẹ́ẹ̀mẹta nínú fọ́tò márùn-ún. Òjìji tó ń tàn ọ́ jẹ kì í sábà pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Èyí tó bá ń wá síbì kan náà lójoojúmọ́, igi ni, sàmì sí i.

Jẹ́ kí n sọ ohun tó kọ́ mi lọ́gbọ́n jù. Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, mo bá ilé iṣẹ́ kan ṣiṣẹ́ tó ń fi rédà ṣọ́ ọkọ̀ ojú omi lẹ́nu èbúté. Àwọn olówó ń bọ̀ wá wò ó, a fẹ́ kí ìlà ipasẹ̀ dán lójú kọ̀ǹpútà. Èmi ni mo dín iyèméjì ìrìn ọkọ̀ kù nínú ìṣirò títí tí ìlà fi tẹ́jú pẹrẹsẹ. Lọ́jọ́ kejì, ọkọ̀ kékeré kan tó ń fa ọkọ̀ ńlá yà lójijì. Ìṣirò mi ti dá ara rẹ̀ lójú jù, agbo rẹ̀ ti kéré jù, gbogbo àbọ̀ òtítọ́ nípa ọkọ̀ náà bọ́ síta agbo, ó kọ gbogbo rẹ̀. Ó ń bá ìrètí tirẹ̀ lọ tààrà títí tó fi gun orí ilẹ̀. Ọkọ̀ gidi náà wá di ọkọ̀ tuntun lójú kọ̀ǹpútà. Mo dúró níbẹ̀, mo ń wo ọkọ̀ kan tó di méjì, ara mi tutù, torí mo mọ̀ pé lọ́jọ́ tí kùrukùru bá wà, ẹnì kan lè gba ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ yẹn gbọ́.

Láti ọjọ́ náà, ìdánwò kan wà tí n kì í fò. Mú ìlọ́po ìwọ̀n Mahalanobis tí mo sọ lókè yẹn fún gbogbo àbọ̀ tí o gbà, kí o wá àárín wọn. Bí o bá ń ṣírò ọ̀nà méjì, ó yẹ kí àárín náà wà nítòsí 2. Bó bá gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, o ti dá ara rẹ lójú ju bó ṣe yẹ lọ. Bó bá kéré gan-an, o ń ṣiyèméjì jù, agbo rẹ ti tóbi, ó sì ń gba àbọ̀ aládùúgbò.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìyára. Micra tó ń sáré kìlómítà 36 ní wákàtí kan ń rin mítà 10 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Pẹ̀lú fọ́tò márùn-ún, ó ti rin mítà 2 kí o tó tún wò ó, mítà 2 yẹn sì lè jẹ́ gbogbo àlàfo tó wà láàárín òun àti èyí tó tẹ̀ lé e. Ti ọ̀kadà kò tiẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Bí o bá lo ìlànà ìrí-ọkọ̀ tó fúyẹ́, tó lè yẹ fọ́tò 25 wò, mítà 0.4 ló máa rìn. Èmi á gba èyí tó ń rí ọkọ̀ mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ní ẹ̀ẹ̀mẹẹ́dọ́gbọ̀n, mà á fi èyí tó ń rí mẹ́sàn-án ní ẹ̀ẹ̀márùn-ún sílẹ̀. Àwọ̀ kò ní ràn ọ́ lọ́wọ́ púpọ̀ lórí Micra, torí ọ̀pọ̀ wọn jọra bí ẹyin, ṣùgbọ́n fún ọlọ́kadà, àwọ̀ ẹ̀wù ẹni tó gùn ún àti ẹrù ẹni tó gbé sẹ́yìn yàtọ̀ púpọ̀. Fi àwọ̀ kún ìnáwó pípín fún ọ̀kadà nìkan.

Kí o tó ṣe èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí, jókòó ti fídíò ìṣẹ́jú mẹ́wàá kan, ìgbà tí gósílóò bá wà, kí o fi ọwọ́ ara rẹ kọ ẹni tó wọlé àti ẹni tó jáde. Á gba ọ ní odindi ọjọ́ kan, ojú á ro ọ́. Ka ọkọ̀ tí kò rí sọ́tọ̀, ka iwin sọ́tọ̀, ka pípààrọ̀ sọ́tọ̀, má dà wọ́n pọ̀ sínú òǹkà kan, torí oògùn wọn kò jọra. Bí afárá ẹlẹ́sẹ̀ bá sì wà nítòsí oríta yẹn, gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó yẹ, kí o gbé kámẹ́rà gùn ún ná kó o tó fọwọ́ kan kóòdù. Láti òkè níbẹ̀, tírélà kì í bo Micra pẹ́.